Ṣé Defender tó bá Windows wá tó ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù mi, àbí kí n lọ sanwó antivirus?

Ìyá Típè Agbowó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Táípúráítà ni mo fi kọ́ṣẹ́ ní 1994, ìdí ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti wá bá mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Agbowó, n'Ìbàdàn níbí: típè, fọ́tòkọ́pì, láminéṣọ̀n, ká bá èèyàn fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Tòkunbọ̀ ni méjì, Windows 10 ló wà lórí wọn. Àbúrò mi ló ra ìkẹta fún mi lọ́dún tó kọjá, Windows 11 ni tiẹ̀. Mi ò ra antivirus, ìyẹn ohun tó ń lé fáírọ́ọ̀sì, rí. Defender tó bá Windows wá ni mo gbójú lé, torí mo máa ń rí i tó ń yọjú nígun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún pé òun ti mú olè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ló da ọkàn mi rú. Ọmọ iléèwé kan wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ojú ẹ̀ pọ́n koko, ó dà bí ẹni tí ò sùn. Ó fẹ́ tẹ project ẹ̀ jáde, ẹ̀dà mẹ́rin, ká sì bá a dì í, ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ló gbọ́dọ̀ kó o lọ fún olùkọ́ ẹ̀. Mo ki fláàṣì ẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan nínú àwọn Windows 10 yẹn. Fódà mẹ́ta jáde. Mo kàn ṣàkíyèsí pé ọfà kékeré kan wà létí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣí, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Kò sí wàhálà, àfi bí tónà ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ ṣe ń tẹ lẹ́tà tó ṣá bí àdìrẹ tó ti pẹ́ nínú oòrùn. Mo bá yọ fláàṣì, mo kì í bọ Windows 11.

Háà! Kí n tó gbọ́wọ́ kúrò lára ẹ̀, Defender ti kígbe: Threats found. Ó ní mẹ́rin lòun mú. Mo ní, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣí fláàṣì, òfìfo. Fódà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ. Ọmọ yẹn káwọ́ lérí, ó pariwo, "Mọ́mì, ẹ ti jẹ project mi!" Gbogbo àwọn tó ń dúró de fọ́tòkọ́pì yíjú sí mi.

Àyà mi já. Mo yọ fláàṣì, mo sáré gbé e padà sí ti ẹnu ọ̀nà. Ẹ ò ní gbà á gbọ́: kò tó ìṣẹ́jú kan, fódà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún yọjú, tọfà tọfà. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi. Tónà tó ń ṣá yẹn náà la fi tẹ̀ ẹ́ jáde.

Látọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Defender kan náà ni, ọ̀kan pa iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ rẹ́, èkejì dá a padà. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé Windows 10 ló gbọ́n jù. Ọmọkùnrin tó ń ta antivirus lódìkejì títì gbọ́, ó sì wá kí mi. Ó ní Defender ò ju ọlọ́dẹ tó ń sùn lẹ́nu géètì lọ, pé kí n san ₦18,000 lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Mẹ́ta jẹ́ ₦54,000. Owó tónà ni, owó pépà ni, owó epo jẹnẹrétọ̀ ni. Tó bá jẹ́ ohun tó yẹ kí n ṣe ni, màá ṣe é. Ṣé èyí tó bá Windows wá yìí tó, àbí kò tó?

Gbọ̀ngbọ̀n_Tech

Ẹ pa Defender yẹn pátápátá jàre, RAM, ìyẹn ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, ló ń jẹ. Ọdún kẹfà rèé tí mi ò ti lo antivirus kankan, kò sóhun tó ṣe kọ̀ǹpútà mi.

Atúnṣe_Ọ̀tìgbà

Ìyá mi, ẹ káàárọ̀ mà. Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ dìde, ẹ yọ kọ̀ǹpútà ẹnu ọ̀nà yẹn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sì jẹ́ kí fláàṣì oníbàárà kankan wọ̀ ọ́ mọ́ lónìí. Òun ni ara ẹ̀ ò yá. Windows 11 tí ẹ ń bínú sí, ara ẹ̀ le koko.

Arákùnrin Gbọ̀ngbọ̀n, ẹni tí ò gba ọlọ́dẹ, ta ni yóò sọ fún un pé olè wọlé lóru? Ó dàárọ̀ ná.

Mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Computer Village, n'Ìkẹjà, láti 2008. Tí fáírọ́ọ̀sì bá jẹ́ oúnjẹ, ẹ̀bà ni irú èyí tí ẹ ṣàlàyé yìí, ojoojúmọ́ là ń rí i. Tó bá dé orí fláàṣì, kì í pa fódà yín rẹ́. Ṣe ló ń gbé wọn pamọ́. Á sọ wọ́n di ohun tí ojú ò rí. Nígbà mìíràn á kó gbogbo wọn jọ sínú fódà kan tí kò lórúkọ rárá. Lẹ́yìn náà á gbé ère wọn síta, orúkọ kan náà, àwòrán kan náà, àfi ọfà kékeré yẹn. Shortcut lorúkọ ère náà. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á ṣí fódà tòótọ́ fún yín kí ẹ má baà fura, á sì jí fáírọ́ọ̀sì sínú kọ̀ǹpútà yín ní ìṣẹ́jú kan náà. Látìgbà yẹn, fláàṣì tó bá wọ kọ̀ǹpútà yẹn ń gba ìpín tiẹ̀ lọ sílé.

Ẹ wá wò ó. Ère mẹ́ta, fáírọ́ọ̀sì kan: mẹ́rin tí Defender kà fún yín nìyẹn. Ó pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n ó lé ajínigbé lọ ni, kò tú ẹni tí wọ́n jí gbé. Fódà tòótọ́ ṣì wà lórí fláàṣì yẹn nígbà tí ọmọ náà ń káwọ́ lérí, ojú yín ni kò rí i. Nígbà tí ẹ wá gbé e padà sẹ́nu ọ̀nà, fáírọ́ọ̀sì tó ti fi ibẹ̀ ṣe ilé tún gbẹ́ ère tuntun. Ìyẹn lọmọ ọlọ́mọ torí ẹ̀ dọ̀bálẹ̀.

Tó bá tún ṣẹlẹ̀, orí Windows 11 ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ wo lẹ́tà tí Windows fún fláàṣì náà, ká ní E ni. Ẹ kọ cmd síbi tí ẹ ti ń wá nǹkan, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ wá tẹ ìlà yìí bó ṣe rí, àlàfo ibẹ̀ náà ṣe pàtàkì:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Ẹ tẹ Enter, ẹ ní sùúrù. Fódà tòótọ́ á jáde, kò ní sí ọfà létí ẹ̀.

Ó ku ìdí tí Defender ẹnu ọ̀nà fi yadi. Mo ní ìfura kan, àmọ́ ẹ bá mi wò ó ná. Ẹ ṣí Windows Security, ẹ lọ sí Virus & threat protection, ẹ tẹ Manage settings, ẹ sún wálẹ̀ dé Exclusions. Ẹ sọ ohun tí ẹ bá níbẹ̀ fún wa. Kí ẹ sì bá mi rántí: ta ló fi CorelDRAW, software tí wọ́n fi ń ya káàdì, sórí kọ̀ǹpútà yẹn? Ẹ ò sọ pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ṣọ́ọ̀bù típè tí kò sí.

Ìyá Típè Agbowó

Atúnṣe, ṣé ẹ ti wá sí ṣọ́ọ̀bù mi rí ni? Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀: C:\ àti E:\. Wọ́n kọ Folder sábẹ́ méjèèjì. Kí ló túmọ̀ sí?

CorelDRAW wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ kan ló wá fi í sí i nínú oṣù Kejìlá, orí fláàṣì ló gbé e wá. ₦5,000 ni mo fún un. Mo rántí pé ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ fún nǹkan yìí kó má dí wa lọ́wọ́." Mo ní kò burú. Mo tún ra mínírà fún un.

Atúnṣe_Ọ̀tìgbà

Ẹ tún ra mínírà fún un! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Exclusions ni ibi tí a ti ń sọ fún Defender pé "má ṣe wo ibí yìí". C:\ ni gbogbo inú ilé, láti pálọ̀ dé ilé ìdáná. E:\ ni lẹ́tà tí fláàṣì ọmọ yẹn ń jẹ́ lọ́jọ́ náà, òun náà sì ni lẹ́tà tí fláàṣì àwọn oníbàárà yín ń jẹ́ láti oṣù Kejìlá títí di òní. Ká ní ó pa Defender ni, Windows ì bá máa fi àmì pupa yọ yín lẹ́nu, ì bá sì padà tan án fúnra ẹ̀ tó bá yá. Kò pa á. Ó fi ọlọ́dẹ sílẹ̀ lórí àga ẹ̀, ó wá fi aṣọ dì í lójú. Ìdí nìyẹn tí àmì aláwọ̀ ewé fi wà níbẹ̀, tí gbogbo nǹkan dà bí ẹni pé ó pé.

Ẹ tẹ méjèèjì, kí ẹ tẹ Remove. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí Scan options, ẹ mú èyí tí wọ́n pè ní Microsoft Defender Offline scan. Kọ̀ǹpútà á kú, á tún tàn, á sì yẹ ara ẹ̀ wò kí Windows tó jí, torí àwọn fáírọ́ọ̀sì kan wà tó jẹ́ pé tí Windows bá ti jí, wọ́n á ti ráyè fara pamọ́. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ni. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí iná má lọ láàárín. Tó bá parí, ẹ fi EICAR dán an wò. Fáìlì kan ni wọ́n dìídì ṣe fún ìdánwò, àmì 68 péré, kò lè pa eṣinṣin, àmọ́ gbogbo antivirus tó bá lajú gbọ́dọ̀ kígbe tó bá rí i. Ẹ wá a lórí ìkànnì àwọn EICAR fúnra wọn. Tí Defender ẹnu ọ̀nà bá kígbe, aṣọ ti kúrò lójú ẹ̀ nìyẹn.

Ó wá ku ₦54,000. Tèmi ni pé kí ẹ má san án. Mi ò sọ pé ohun tí ọmọ yẹn ń tà ò dáa. Mo ń sọ pé kò ní gbà yín lọ́wọ́ ohun tó ṣe yín. Ọmọ tó ní kí Defender má wo C:\, antivirus olówó náà ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún, ẹ sì máa ra mínírà fún un náà ni.

Àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí la kọ́kọ́ ba orúkọ Defender jẹ́, mi ò ní purọ́. Nígbà Windows Vista, spyware, ìyẹn software tó ń ṣamí èèyàn, nìkan ló ń ṣọ́, ẹni tó bá gbójú lé e jìyà. Orí Windows 8, ní 2012, ni wọ́n ti sọ ọ́ di antivirus gidi, àmọ́ títí di òní, àwọn ọ̀gá kan ní Ọ̀tìgbà ṣì ń fi ojú Vista wò ó. AV-TEST, àwọn ará Jámánì tó ń yẹ antivirus wò, sábà máa ń fún un ní 6 nínú 6 lórí ìdáàbòbò. Fún fáírọ́ọ̀sì fláàṣì, fún ohun tí ayé ti mọ̀, ó tó, ó tún ṣẹ́kù.

Ibi tó ti ń kù díẹ̀ káàtó ni kí n sọ, torí ṣọ́ọ̀bù típè gan-an ló kàn.

Ó ń jẹ dátà. Tí Defender bá rí fáìlì tí ojú ẹ̀ ò mọ̀ rí, ó máa ń sáré béèrè lọ́wọ́ àwọn kọ̀ǹpútà ńlá Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí dátà bá ti tán, àfi kó fi ohun tó wà lórí ara ẹ̀ ṣe é. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù máa ń tẹ Metered connection kí Windows má baà jẹ dátà yín tán. Mo gbà, dátà ti wọ́n. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tuntun tí Defender ń gbà lójoojúmọ́ lè dúró sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Ẹ máa yọ ọ́ kúrò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, bóyá tí ẹ bá fẹ́ tilẹ̀kùn, kí ẹ tẹ Check for updates nínú Virus & threat protection.

Èkejì, èyí tí àwọn èèyàn ò mọ̀. Tí ẹ bá wa fáìlì jáde láti íntánẹ́ẹ̀tì, Windows máa ń kọ àmì kan sára ẹ̀ pé "àlejò ni eléyìí". Àmì yẹn ni SmartScreen ń wò tó fi ń dá yín dúró pé ṣé ó dá yín lójú. Òun náà ni Word ń wò tó fi ń ṣí i ní Protected View, kí ẹ kàn lè kà á. Ṣùgbọ́n fláàṣì tí wọ́n ṣe ní FAT32 tàbí exFAT, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ fláàṣì, kò lè gbé àmì yẹn. Fáìlì tí ọmọ kan wà jáde ní hostel lálẹ́ àná, tó fi fláàṣì gbé dé ọ̀dọ̀ yín láàárọ̀ yìí, bí ọmọ bíbí inú ilé ló ṣe ń wọlé. Defender á ṣì yẹ̀ ẹ́ wò tí ẹ bá ṣí i, àmọ́ ìbéèrè ẹnu ọ̀nà yẹn ti fò yín. Kódà tí ẹ bá ní kó ṣe Full scan, kì í wo orí fláàṣì àyàfi tí èèyàn bá yí i padà. Nítorí náà, ẹ máa fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì (right-click) tẹ àwòrán fláàṣì, kí ẹ mú Scan with Microsoft Defender, kí ẹ tó ṣí ohunkóhun. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri: "A ó yẹ fláàṣì yín wò kí a tó tẹ̀ ẹ́." Oníbàárà tó bá bínú, ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta ló ń dùn mí jù. Ní 2021, ọkùnrin kan tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀ wá bá mi. Ọdún mọ́kànlá iṣẹ́ CorelDRAW ló wà níbẹ̀. Gbogbo fáìlì ti gba ìrù lẹ́tà mẹ́rin tí kò nítumọ̀, kò sí èyí tó ṣí. Inú fódà kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ìwé kan sílẹ̀, _readme.txt: kó san $980, tó bá kàn sí wọn láàárín wákàtí 72, $490. STOP ni wọ́n ń pe irú yẹn, àwọn kan ń pè é ní Djvu. Inú software tí wọ́n fọ́ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ló máa ń sápamọ́ sí. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé Defender ò sọ nǹkan kan ni?" Ó ní rárá. Mo ṣí Protection history. Ó wà níbẹ̀ kedere: Defender mú u ní 9:14 alẹ́. Ní 9:16, ọ̀gá fúnra ẹ̀ ti tẹ Allow on device. Ó fẹ́ kí nǹkan náà ṣiṣẹ́, ó sì ṣiṣẹ́.

Mi ò rí fáìlì kankan gbà padà fún un. Mo wá ohun tó lè ṣí i lórí ìkànnì No More Ransom, irú kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ti tiẹ̀, kò sí èyí tó bá a mu. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì mi títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń sọ orúkọ àwọn oníbàárà ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan kan wà nínú Windows Security tó ń jẹ́ Controlled folder access, lábẹ́ Ransomware protection. Ransomware ni irú fáírọ́ọ̀sì tó ti fáìlì ọkùnrin yẹn pa, tó ń béèrè owó. Láti 2017 ló ti wà níbẹ̀, pípa ni wọ́n ń pa á wá. Tí ẹ bá tan án, ohun tí Windows kò bá mọ̀ kò ní lè fọwọ́ kan Documents, Pictures àti Videos yín. Á dí yín lọ́wọ́ díẹ̀: CorelDRAW ọmọ mínírà yẹn lè sọ pé òun ò lè fi iṣẹ́ pamọ́, ẹ ó ní láti fún un láyè lórúkọ. Ẹ tan án. Kí ẹ sì mú nínú ₦54,000 yẹn, kí ẹ fi ra hard disk tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa kó iṣẹ́ yín sórí ẹ̀ ní gbogbo Jímọ́ọ̀. Tí ẹ bá kó o tán, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e sínú dúrọ́ọ̀. Èyí tó bá wà lára kọ̀ǹpútà nígbà tí ransomware dé, á bá ìyókù lọ ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá Típè, mo kí yín láti Lọ́ńdọ̀nù. Nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lèmi náà wà, àwọn tí páswọ́ọ̀dù ń sọnù lọ́wọ́ wọn ni mò ń gbà lálejò látàárọ̀ dalẹ́. Atúnṣe ti sọ̀rọ̀ tán lórí fláàṣì, nǹkan méjì ni mo fẹ́ fi kún un.

Ẹ ní ẹ máa ń bá èèyàn fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ṣé orí Chrome yín ni ẹ ń fi páswọ́ọ̀dù wọn pamọ́ sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Olè tó wà lóde báyìí kì í ba nǹkan jẹ́. Á wọlé, á kó páswọ́ọ̀dù àti cookie inú Chrome láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì bá tiẹ̀ lọ. Cookie yẹn, àmì tí ìkànnì fi ń rántí pé ẹ ti wọlé, ló burú jù, torí ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ lè wọlé bí ẹni pé ẹ̀yin ni, kódà kó má ní OTP. Lumma lọ̀kan nínú wọn ń jẹ́. Nínú oṣù Karùn-ún 2025, Microsoft àti ìjọba Amẹ́ríkà gba àwọn ojú òpó tí wọ́n fi ń darí ẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Láàárín oṣù méjì péré ṣáájú ìyẹn, Microsoft ti rí i lórí kọ̀ǹpútà Windows tó lé ní 394,000. Tí Defender bá padà rí i lọ́la tó sì pa á, ó dáa, àmọ́ páswọ́ọ̀dù tó ti jáde lọ, Defender kò lè lọ gbà á wá.

Ẹ sì ṣọ́ra fún èyí: ojú ìwé kan á ṣí, á ní kí ẹ fi hàn pé ẹ kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Dípò kó ní kí ẹ mú àwòrán kẹ̀kẹ́, á ní kí ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti R, kí ẹ wá tẹ Ctrl àti V, kí ẹ tẹ Enter. Ẹ má ṣe é láéláé. Àṣẹ olè ni ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín pa yẹn. Ọ̀gá kan tó ní oyè nídìí ìṣirò owó ṣe é níṣojú mi ní ọ́fíìsì wa. Mo ń kígbe "Má ṣe é!", ó ń sọ pé "Ó ti lọ."

Èkejì, Windows 10 méjì yẹn. Láti 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft ti ṣíwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ lórí ẹ̀. Àfikún kan wà tó máa parí ní 13 oṣù Kẹwàá 2026, ẹ ní láti forúkọ sílẹ̀ fún un. Wọ́n ní Defender á ṣì máa gba ìmọ̀ fáírọ́ọ̀sì tuntun títí di 2028, inú àwọn èèyàn sì ń dùn pé kò sí wàhálà. Ìyẹn ni pé ọlọ́dẹ ṣì wà, ṣùgbọ́n tí ògiri bá lanu, kò sẹ́ni tó máa dí i. Ẹ bi àwọn ará ibí léèrè nípa WannaCry, ransomware tó jà ní 12 oṣù Karùn-ún 2017. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó ń bójú tó ilé ìwòsàn ìjọba ní England ló dí lọ́wọ́, wọ́n ń dá aláìsàn padà sílé. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù Kẹta ọdún náà ni Microsoft ti gbé ohun tí wọ́n á fi dí ihò yẹn síta. Wọn ò tíì fi í sí i ni.

Gbọ̀ngbọ̀n_Tech

Kò burú. Mo ṣí Exclusions tèmi wò lẹ́yìn tí mo ka èyí. Mi ò ní sọ ohun tí mo bá níbẹ̀.

Ìyá Típè Agbowó

Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run á bá mi fi yín sílẹ̀. Mo ti yọ méjèèjì kúrò. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo ṣe Offline scan. Kò rí nǹkan níbẹ̀rẹ̀, àyà mi ti fẹ́ balẹ̀. Ó tàn padà tán, Threats found, mọ́kàndínlógún! Mọ́kàndínlógún, láti oṣù Kejìlá. Mo ní kó pa gbogbo wọn, mo tún Offline scan ṣe, mo wá gbé EICAR síbẹ̀. Ó kígbe kí n tó fi í pamọ́ tán. Èmi náà kígbe, ìyá oníṣu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sáré wọlé pé kí ló dé.

Orí Windows 10 kejì, Defender ò sí lẹ́nu iṣẹ́ rárá. Antivirus kan ló wà níbẹ̀ tí ẹni tó tà á fún mi fi síbẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n rí.

Atúnṣe_Ọ̀tìgbà

Ìyá mi, tí antivirus mìíràn bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà, Defender máa ń fà sẹ́yìn fún un ni, torí ọlọ́dẹ méjì á máa mú ara wọn. Tí owó tiẹ̀ kò bá ti sí, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú Apps, kí ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tún un tàn, Defender á dìde fúnra ẹ̀. Kí ẹ wo Exclusions tiẹ̀ náà o.

Ìyá Típè Agbowó

Ó ti dìde. Exclusions ibẹ̀ mọ́.

Ọmọ project yẹn padà wá lánàá. Olùkọ́ ẹ̀ ní kó lọ tún orí kẹta kọ. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ fláàṣì ẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú ẹ̀, Defender mú ère, fláàṣì tún ṣófo. Kò tíì la ẹnu tí mo ti tẹ ìlà attrib yẹn. Fódà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, kò sí ọfà létí ọ̀kankan. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin náà ti di hacker." Mo bi í pé kọ̀ǹpútà wo ló fi tún orí kẹta kọ. Ó ní ti ẹni tí àwọn jọ ń gbé yàrá, àwọn mẹ́rin ló ń lò ó, òun náà ló ń bá gbogbo ilé fi Microsoft Office sórí kọ̀ǹpútà.

Mo ní kó sọ fún un kó gbé e wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.